ÌMỌ̀RÀN ILÉ: Gáàsì Inú Sílíńdà àti Àpótí Ẹja

     

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní oṣù yìí lè ṣàjèjì létí àwọn kan nínú yín, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ kà á dé òpin. Lẹ́yìn ìpàdé wa tó kọjá, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin tí ó wà ní yunifásítì gbé àpótí onígíláàsì kan wálé, ó pọn omi sínú rẹ̀, ó sin ẹja sí i, ó sì gbin koríko sí ìsàlẹ̀ omi. Bàbá náà kò rí nǹkan wí sí ìyẹn, nítorí ó dùn ún wò. Ohun tí ó ń kọ ọ́ lóminú ni sílíńdà irin kan tí ọmọ náà gbé ti ẹ̀gbẹ́ àpótí, tí ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn. Àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n ń sùn nínú yàrá yẹn lálẹ́. Ìbéèrè bàbá náà ni pé, ṣé ohun tí ó wà nínú sílíńdà yẹn lè ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá?

Ìdáhùn mi ni pé ó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, ó sì tún lè wà nínú ilé fún ọdún púpọ̀ kí ó má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí a ti ń tú u jáde àti ibi tí a gbé e sí ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Níwọ̀n bí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ilé bàbá yìí nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wọ̀, mo rò pé ó yẹ kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ.

Kí ni gáàsì náà?

Orúkọ rẹ̀ ni kábọ̀n dáyọ́ksáìdì. Ó wà nínú èémí tí à ń mí síta, òun náà ni ó sì ń hó nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò nígbà tí a bá ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹja kò nílò rẹ̀ rárá. Koríko abẹ́ omi ni ó nílò rẹ̀, nítorí òun ni oúnjẹ ewéko. Ìmọ́lẹ̀ sì ni iná tí ewéko fi ń se oúnjẹ náà. Láti ọdún 1779 ni dókítà kan, ará Nẹ́dálándì, tí ń jẹ́ Jan Ingenhousz, ti fi hàn pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ewéko ti ń tún afẹ́fẹ́ ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ewéko náà á máa mí gáàsì yìí síta gẹ́gẹ́ bí àwa ènìyàn ti ń ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a níwájú.

Gáàsì tí ó wà nínú omi lásán kì í tó koríko tí ó pọ̀ láti jẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ràn ọgbà abẹ́ omi fi ń fi sílíńdà ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ilẹ̀ Jàpáàánì kan, Takashi Amano, ẹni tí a bí ní 1954 tí ó sì kú ní 2015, wà lára àwọn tí ó sọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ di ohun tí a mọ̀ káàkiri ayé. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń ṣe é, kò ya wèrè, kò sì ń fi owó ṣòfò bí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ń kọ́ni ní sùúrù ni.

Agbára tí ó wà nínú sílíńdà

Nínú sílíńdà, wọ́n ti fún gáàsì yìí pọ̀ títí ó fi di omi. Báà ni orúkọ òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí gáàsì ti ń ti ara ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tó. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré máa ń gba báà 2 àti díẹ̀. Gáàsì ìdáná tí àwọn ìyàwó ilé ń lò kì í sábà ju báà 8 lọ ní ìwọ̀n ooru 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ìwọ̀n ooru kan náà, kábọ̀n dáyọ́ksáìdì inú sílíńdà rẹ̀ jẹ́ báà 57. Ẹ wò ó bí ó ti ju ti táyà lọ ní ìlọ́po 25!

Ooru sì ń fi kún agbára náà. Bí sílíńdà tí ó kún bá gbóná kọjá ìwọ̀n 31, agbára inú rẹ̀ á kọjá báà 73, á sì máa gòkè kíákíá. Àwa tí à ń gbé Kánò, Sókótó àti Máídúgùrì mọ̀ pé ooru oṣù kẹta àti oṣù kẹrin máa ń kọjá 40 ní ọ̀sán. Ara fáàfù ọ̀pọ̀ sílíńdà ni wọ́n ti fi pẹlẹbẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí, tí yóò ya kí sílíńdà tó bẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ya, gbogbo gáàsì náà ni yóò tú sínú ilé lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé e sínú oòrùn, ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń rọ gáàsì rọ ọ́ ju ìwọ̀n tí a tẹ̀ sára sílíńdà lọ, bí ó tilẹ̀ ní òun fẹ́ fi èènì kún un. Èènì yẹn kò wúlò.

Adágún Nyos

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bani, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kamẹrúùnù, ní ibi tí kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ wa. Adágún kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Nyos. Láti inú ilẹ̀ ni gáàsì kan náà yìí ti ń wọ inú omi ìsàlẹ̀ adágún náà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, ó tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Nítorí náà kò gòkè lọ sí ojú ọ̀run, àfonífojì ni ó gbà lọ, ó sì wọ inú ilé bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n sùn sí. Bíi 1,700 ènìyàn ni ó kú, pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn tí ó ju 3,000 lọ. Kò sí iná, kò sí ìjà.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí adágún náà? Ní ọdún 2001, wọ́n ri páìpù gígùn kan lọ sí ìsàlẹ̀ omi, kí gáàsì náà lè máa gba inú rẹ̀ jáde ní ìwọ̀nba lójoojúmọ́, kí ó má tún kó ara jọ. Gáàsì kan náà ni, omi kan náà ni. Èyí tí ó jáde lẹ́ẹ̀kan pa ènìyàn. Èyí tí ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ fẹ́ lọ ní tirẹ̀, kò sì pa ẹnìkan. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní ń le koko.

Iṣẹ́ páìpù yẹn gan-an ni rẹ́gúlétọ̀ ń ṣe lórí sílíńdà.

Rẹ́gúlétọ̀ ni oníbodè

Rẹ́gúlétọ̀ ń gba báà 57 lọ́wọ́ sílíńdà, ó sì ń fi báà 1 tàbí 2 péré ránṣẹ́ sí àpótí ẹja. Ó máa ń ní géèjì méjì. Èyí tí ó súnmọ́ sílíńdà ń sọ agbára tí ó wà nínú sílíńdà. Ìkejì ń sọ agbára tí ó ń jáde lọ. Lẹ́yìn èyí ni fáàfù kékeré kan wà tí ẹnu rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, òun ni a fi ń ka ìhó gáàsì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Géèjì kìíní máa ń tan ènìyàn jẹ. Níwọ̀n ìgbà tí omi gáàsì bá ṣì wà nínú sílíńdà, bí ó ti wù kí ó kéré tó, abẹ́rẹ́ géèjì náà kò ní kúrò lójú kan. Ìgbà tí omi náà bá tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, á sì wálẹ̀ kíákíá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí ó kù, kí ó gbé sílíńdà sórí òṣùwọ̀n, kí ó sì yọ ìwúwo irin rẹ̀, tí a tẹ̀ sí ọrùn rẹ̀, kúrò nínú ohun tí ó bá rí.

Ìparí sílíńdà ni ẹja ti ń kú jù. Lára àwọn rẹ́gúlétọ̀ olówó pọ́ọ́kú, bí abẹ́rẹ́ géèjì kìíní bá ti ń wálẹ̀, ti géèjì kejì á máa gòkè, gáàsì tí ó ń wọ omi á sì di púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan fọwọ́ kan nǹkan. Àárọ̀ ni a óò jí rí ẹja tí ó léfòó. Rẹ́gúlétọ̀ alápá méjì, tí ó ń dín agbára kù lẹ́ẹ̀mejì, kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ́n ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ṣòfò. Ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀, ní ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ kìíní bá bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, kí ó ti sílíńdà náà pa, kí ó sì lọ rọ òmíràn. Kí ó má ṣe sọ pé òun fẹ́ lò ó tán.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe

Mo mọ̀ wá. Àwa Yorùbá mọ ọgbọ́n à-fi-èyí-ṣe-ìyẹn. Ṣùgbọ́n níbi èyí, ẹ jẹ́ kí á fi ọgbọ́n yẹn sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fi rẹ́gúlétọ̀ gáàsì ìdáná sórí sílíńdà yìí. A kò ṣe é fún báà 57, yóò fọ́ ni. Ẹ má sì ṣe mú sílíńdà ẹ̀rọ apaná, kí ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ sí i. Òótọ́ ni pé gáàsì kan náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n páìpù kan wà nínú ti apaná tí ó lọ dé ìsàlẹ̀, omi gáàsì ni ó sì ń fà jáde. Bí omi náà bá wọ inú rẹ́gúlétọ̀, á bà á jẹ́, agbára rẹ̀ á sì já. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ sílíńdà nígbà tí ẹ bá ń lò ó. Kí ó dúró ṣánṣán, kí ẹ sì fi okùn tàbí bẹ́líìtì dè é mọ́ ara tábìlì tàbí ògiri, kí ọmọdé má bàa gbá a ṣubú. Sílíńdà tí orí rẹ̀ bá kán nígbà tí ó kún á sáré bí ọta ìbọn.

Nọ́ọ̀tì rẹ́gúlétọ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ìkan náà láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Ti Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CGA 320. Ti Jámánì sì ní tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní W21.8. Bí nọ́ọ̀tì bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má ṣe fi sípánà fipá mú un, ẹ má sì gbé e lọ fún wẹ́dà pé kí ó bá yín gé e. Ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rọ gáàsì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á fún àwọn wẹ́dà, ẹ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, kí ẹ sì kà á lára sílíńdà. Ọ́ksíjìn wà níbẹ̀, asẹtilíìnì náà wà níbẹ̀. Àwọ̀ ọ̀dà ara sílíńdà kò tó ẹ̀rí.

Bí a ti ń so ó

Èkíní, ẹ wo ẹnu sílíńdà bóyá ó mọ́, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má ṣe fi epo tàbí gíríìsì sí i. Ẹ wo wọ́ṣà inú nọ́ọ̀tì; bí ó bá ti ya tàbí tí ó ti tẹ́ jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èkejì, ẹ de nọ́ọ̀tì pẹ̀lú ọwọ́, lẹ́yìn náà ẹ fi sípánà mú un le níwọ̀nba.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ tó ṣí sílíńdà rárá, ẹ tú kọ́ọ̀bù rẹ́gúlétọ̀ sẹ́yìn títí yóò fi dẹ̀, kí ẹ sì ti fáàfù abẹ́rẹ́ pa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fo ìgbésẹ̀ yìí, òun ni ó sì ń fa róbà já.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ṣe kojú sí géèjì, nítorí gíláàsì rẹ̀ lè fò yọ. Ẹ wá ṣí fáàfù sílíńdà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí gáàsì bá ń sú jáde, ẹ má ṣe fọwọ́ dí i. Ó tutù ju yìnyín lọ, á sì jó awọ ara bí iná. Ẹ ti sílíńdà pa kí ẹ tó tún nọ́ọ̀tì mú le.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ yí kọ́ọ̀bù títí géèjì kejì yóò fi wà láàrin báà 1 sí 2.

Ẹ̀kẹfà, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo oríkèé. Níbi tí ó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ó ń jò. Àwọn kan ń fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ìdáná ti ń jò, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe láé. Ṣùgbọ́n fún gáàsì yìí, ìṣáná kò tilẹ̀ lè fi nǹkan kan hàn, nítorí kì í gbiná.

Èkeje, ẹ fi fáàfù alọ-má-bọ̀ sí ojú róbà kí omi àpótí má bàa gba inú róbà padà wọ rẹ́gúlétọ̀. Ẹ wá ṣí fáàfù abẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi ka ìhó kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fi kún un ní ọjọ́ náà.

Ìgò kékeré kan wà tí a ń fi kọ́ inú omi, tí omi inú rẹ̀ ń pa àwọ̀ dà. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ búlúù, gáàsì kéré. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó tó, ìyẹn bíi mílígíráàmù 30 nínú lítà omi kan. Bí ó bá di àwọ̀ ìyeyè, ó ti pọ̀ jù. Ìgò náà máa ń pẹ́ tó wákàtí kan tàbí méjì kí ó tó sọ òótọ́, nítorí náà ẹja fúnra wọn ni kí ẹ máa wò. Bí wọ́n bá gòkè wá sí ojú omi tí wọ́n ń la ẹnu fìn-ín-fìn-ín, ẹ ti gáàsì pa, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi náà, kí ẹ sì pààrọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Òkùnkùn àti iná mànàmáná

Ẹ rántí ohun tí Ingenhousz fi hàn. Nínú òkùnkùn, koríko kì í jẹ gáàsì yìí. Bí a bá wá fi gáàsì sílẹ̀ kí ó máa wọ omi lóru, ẹja nìkan ni ó kù tí yóò gbà á sára. Nítorí náà, ẹ ṣí i ní wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó tan iná àpótí, kí ẹ sì ti i ní wákàtí kan kí ẹ tó pa iná náà.

Níbi tí àwa ń gbé, kì í ṣe àwa nìkan ni a ń pa iná. Bí iná mànàmáná bá lọ ní ọ̀sán gangan, iná àpótí á kú, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ á dákẹ́, ṣùgbọ́n gáàsì á máa wọlé lọ, nítorí kò béèrè iná kí ó tó jáde. Oògùn rẹ̀ ni fáàfù kékeré kan tí ń jẹ́ sólẹ́nọ́ìdì, tí iná mànàmáná ń ṣí. Bí iná bá lọ, ó ti ara rẹ̀ pa. Ẹ ra rẹ́gúlétọ̀ tí ó ní i, kí ẹ sì so òun àti iná àpótí mọ́ ìsopọ̀ jẹnẹrétọ̀ kan náà, kí ọ̀kan má bàa wà láàyè nígbà tí èkejì bá kú.

Yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn

Mo wá dé orí ìbéèrè bàbá wa. Kílógíráàmù 1 gáàsì yìí, bí ó bá tú jáde tán, á kún ju ìdajì àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Yàrá tí ó jẹ́ mítà 3 ní gígùn, 3 ní ìbú àti 3 ní gíga gba irú àpótí bẹ́ẹ̀ 27. Sílíńdà kílógíráàmù 5 bá tú sínú rẹ̀ tán nígbà tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá afẹ́fẹ́ yàrá náà. Ìwọ̀n yẹn lè mú kí ènìyàn dákú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Sílíńdà kílógíráàmù 2 á mú un dé bí ìdá 4 nínú 100, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kà sí ewu fún ẹ̀mí. Nínú afẹ́fẹ́ ìta, kò ju bíi ìdá 4 nínú 10,000 lọ.

Ìṣirò yẹn gan-an gbà pé gáàsì náà tàn ká gbogbo yàrá dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wá. Àwa àgbà ni à ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Orí ẹní ni àwọn ọmọ ń sùn. Ọyẹ́ sì dé, gbogbo wa ni a ti fèrèsé nítorí eruku.

Gáàsì ìdáná ní òórùn, nítorí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i ni kí á lè tètè mọ̀. Gáàsì yìí kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ẹ̀rọ tí ń kígbe bí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá wọlé kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tí ara fi ń mọ̀ ọ́n ni orí fífọ́, mímí gúlegúle, oorun tí kò yẹ, àti òyì.

Nítorí náà, bàbá wa, ẹ má ṣe da àpótí ẹja ọmọ yín nù. Ẹ kàn jẹ́ kí ó gbé e kúrò nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ń sùn sí. Pálọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dára fún un, tàbí ọ̀ọ̀dẹ̀ tí oòrùn kì í dé. Bí yàrá kan ṣoṣo ni ẹ̀yin ní, ẹ mú sílíńdà tí ó kéré jù, ẹ ti fáàfù orí rẹ̀ gan-an pa ní gbogbo alẹ́ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì fi fèrèsé kan sílẹ̀ díẹ̀. Eruku ọyẹ́ ṣe é nù ní àárọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wọ yàrá tí ó rí ènìyàn tí ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà, kí ó má ṣe sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni kí ó kọ́kọ́ ṣí gbayawu, láti ìta bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sì ké sí àwọn ènìyàn. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wọ inú gáàsì láti gbé ẹlòmíràn lè di òkú kejì. Bí a bá gbé e jáde, ilé ìwòsàn ló kàn.

Bí a bá ń lọ sílé fún ọdún

Àkókò tí a óò rọ́ lọ sí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti ibi gbogbo tí a ti wá ń súnmọ́ tòsí. Kí ẹ tó ti ilé, ẹ ti fáàfù orí sílíńdà pa. Kì í ṣe sólẹ́nọ́ìdì nìkan. Koríko lè fara da ọ̀sẹ̀ méjì láìsí gáàsì. Ẹja kò lè fara da rẹ́gúlétọ̀ tí ó bàjẹ́ nígbà tí kò sí ẹnìkan nílé.

Ẹ má sì ṣe gbé sílíńdà sínú ọkọ̀ tí a ti gíláàsì rẹ̀ tí ènìyàn kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e láti ọ̀dọ̀ ẹni tó rọ ọ́, ẹ yọ rẹ́gúlétọ̀ kúrò, ẹ fi ìdérí bo orí rẹ̀, ẹ dè é kí ó má yí, ẹ ṣí fèrèsé ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e sọ̀kalẹ̀ ní kété tí ẹ bá délé. Ẹ tún wo ọjọ́ tí a tẹ̀ sí ọrùn rẹ̀. Ọjọ́ tí a fi agbára dán an wò kẹ́yìn nìyẹn. Ọdún 5 ni àwọn ilẹ̀ kan fi sí i kí a tó tún dán an wò, ọdún 10 ni àwọn mìíràn. Èyí tí ó bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ, ẹ má ṣe gbà á, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ̀yin òbí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ọmọ wa ń kọ́ ohun tí àwa kò kọ́, wọ́n sì ń gbé ohun tí àwa kò mọ orúkọ rẹ̀ wọlé. Kì í ṣe dandan kí a mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló wà nínú rẹ̀? Kí ló ń dì í mú? Ta ni ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ọmọ tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe yóò dáhùn láìbínú. Èyí tí kò bá sì lè dáhùn, ẹ ka ìwé yìí fún un.

Ní oṣù tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a óò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ tí a bí sí àjò. Títí di ìgbà náà, ẹ kí ará ilé fún wa.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ Ìdílé.